Ìborí Kẹfà

Ìtàn ìfẹ́ ni n óò sọ fún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ti ọmọ mi Hafeez ni, òun àti Oyèrónkẹ́, ọmọ Díákónì Jayéọlá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo bà á jẹ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí pé n óò dá ara mi láre tó bá yá.

Mọ̀ríámọ̀ lorúkọ mi. Aṣọ ni mo ń tà ní Akẹ̀sán, níbí nílùú Ọ̀yọ́, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Bàbá àwọn ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ Àáfà, ti ṣaláìsí kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún mi. Ràódàt ti wà nílé ọkọ. Hafeez ló kù lọ́dọ̀ mi, iná sólà ló ń so fún àwọn èèyàn, láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tì mí ní ìsọ̀, á ro gbogbo bí ọjọ́ ṣe lọ fún mi, èmi náà á ro tèmi. Kò sí ọ̀rẹ́ tí mo ní tó tó o.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló dé tó ń dá rẹ́rìn-ín.

"Ta ló fún ọ ní nǹkan?" mo bi í.

"Màmá, àkàbà mi fẹ́ yọ̀ lónìí ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Yéè! O ṣubú?"

"N ò ṣubú. Ọmọbìnrin kan ló sáré jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, ló di àkàbà náà mú. Mo ní kó fi sílẹ̀, ó ti dúró. Ó ní rárá o, pé tí mo bá ṣubú, ta ló máa wá so iná tòun? Ó tó wákàtí kan tó fi dì í mú nínú oòrùn."

"Ọlọ́run á san án fún un," mo wí. Mo tilẹ̀ ṣàdúrà ọkọ rere fún un! Hafeez ṣe àmín, ó sì wo ilẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò tún sí ọ̀sẹ̀ kan tí iná Takie kì í bàjẹ́. Bí kò bá jẹ́ bátìrì, wáyà ni. Ọmọ mi tí kì í fẹ́ràn fóònù wá di ẹni tó ń gbé e lọ sẹ́yìn ilé, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti yàrá mi. Ká sòótọ́, ó ń dùn mí díẹ̀, torí ìsọ̀ mi ni ẹ̀rín yẹn ń jókòó sí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò, mo bi í lórúkọ ẹni náà.

"Rónkẹ́ ni, Màmá."

"Rónkẹ́ ọmọ ta?"

"Ọmọ Díákónì Jayéọlá."

Aṣọ tí mo ń ká lọ́wọ́, mo gbé e kalẹ̀. "Díákónì kẹ̀?"

"Onítẹ̀bọmi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe —"

"Ṣé mo bèèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni? Ilé tó ti wá ni mo bèèrè, o sì ti dáhùn. Ọmọ ọmọ Àáfà kò ní í lọ fi Díákónì ṣe àna níṣojú mi."

Kò parí gbólóhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì bi í mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn tí mo gé mọ́ ọn lẹ́nu yẹn sọ́kàn, torí òun ló padà wá mú mi.

Odidi ọdún kan ni mo fi lágídí. Hafeez kò bá mi jà. Ó lọ bá Asiyah, àbúrò mi, tí ilé ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kó bá òun ṣe alárinà. Asiyah a máa wá láràárọ̀ Sátidé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ náà gbà láti so yìgì. Kò sẹ́ni tó fipá mú un."

"Wọ́n á ní mo jí ọmọ wọn gbé."

"Bàbá rẹ̀ ló ń sunkún, ẹ̀yin kọ́. Kí ló tún wá kù tí ẹ ń wá?"

Kí ló kù tí mo ń wá? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn títí. Ẹ̀sìn ni mo ń pè é, bóyá ẹ̀sìn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ti gba àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìsọ̀, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn síta kí ojú má tini.

Ọdún náà ni mo lọ sí Hájì. Mo ti ṣe gbogbo iṣẹ́ Mẹ́kà tán, mo wà ní Mọ̀dínà, nígbà tí Asiyah pè mí.

"Díákónì ti sọ̀rọ̀ o."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ọmọ òun ti dàgbà, òun ò lè so ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní í fa ọmọ òun lé ìyá ọkọ tí kò fẹ́ ẹ lọ́wọ́. Ó fẹ́ rí ohun kan tí òun á fi mọ̀ pé ẹ gbà á."

"Kí n kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni?"

"Ẹ fara balẹ̀. Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó fẹ́. Kò bèèrè góòlù. Ó ní ìborí kan ṣoṣo, tí ẹ fọwọ́ ara yín yàn fún òun níbẹ̀. Ó ní ìyẹn lòun máa fi borí lọ́jọ́ yìgì."

Ọmọ náà mọ ohun tó ń bèèrè. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé á pín dàbínù, á pín omi Zamzam, á pín tẹ̀súbáà fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i, àní títí kan ẹni tó ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ìborí yàtọ̀. Ọmọ, ọmọ ìyá àti ìyàwó ilé nìkan ni wọ́n ń rà á fún, ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n sì ti ń pín in. Ẹni tó bá gba ìborí, onílé ni. Ẹni tó bá gba dàbínù, àlejò ni.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ìrun Àlásárì, ní òpópónà tó kángun sí mọ́sálásí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbọ́ Yorùbá tó tó fún un láti fi gba owó wa. "Alhaja, wá wò ó! Ó dára!" Mo ra márùn-ún: ti Ràódàt, ti Asiyah, ti ìyàwó àwọn àbúrò ọkọ mi mẹ́ta. Bí mo ṣe yíjú báyìí ni mo rí ìkẹfà. Ó dá kọ́ sára ògiri, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọrùn ẹyẹlé, eérú tó ní elésè-àlùkò díẹ̀ nínú tí iná bá tàn sí i. Mo ní kó gbé e wá. Ẹni tó ti tajà aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún kò nílò kí wọ́n júwe aṣọ fún òun. Ó fúyẹ́, ó tutù, kò ní í rún. Mo ti rí àwòrán ọmọ náà lórí fóònù Hafeez lẹ́ẹ̀kan, ó dúdú, ojú rẹ̀ tẹ́jú. Mo gbé aṣọ náà lé apá, mo sì rí i pé ó máa bá a mu. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, pé ó máa bá a mu.

Mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá ra ìkẹfà yìí, mo ti so yìgì náà tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ká a, ó ti ń wá láílọ́ọ̀nù.

"Lọ́la," mo wí fún un.

"Alhaja, gbà á lónìí. Lọ́la, kò sí."

"Mo ní lọ́la, Inṣáláàhù."

Ó gbé e padà kọ́ sára ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní bọ́ọ̀sì ti dé tí yóò kó wa lọ sí Jẹ́dà, kí olúkúlùkù di ẹrù. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kùn pé àwọn kò tíì rajà tán. Èmi kò kùn. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, inú mi dùn pé bọ́ọ̀sì tètè dé, torí kò ní í sí ẹni tó lè sọ pé mo kọ̀, bọ́ọ̀sì ni kò jẹ́.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ilé ni àwọn èèyàn kún àgbàlá láti kí mi. Asiyah mú Rónkẹ́ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú kàn án nìyẹn. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló wọ̀, ó wé gèlè pẹlẹbẹ. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ kú àbọ̀, Màmá. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọlọ́run á tẹ́wọ́ gbà á."

"Àmín. O ṣeun."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù. Mo pe Ràódàt, mo nà án ní ìborí. Mo pe Asiyah. Mo pe àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Hafeez dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo rí i tó ń fi ojú kà á. Nígbà tí ìkarùn-ún lọ, ojú rẹ̀ bọ́ sínú àpótí mi, ó wá a, kò rí nǹkan kan. Mo bu dàbínù sínú láílọ́ọ̀nù kékeré, mo nà án sí Rónkẹ́.

Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ó tún padà lọ." Ó so láílọ́ọ̀nù náà, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé lọ bá àwọn ìyàwó ilé fọ abọ́. Kò sẹ́ni tó rán an. Abọ́ ọjọ́ náà pọ̀, ó sì fọ̀ ọ́ tán kó tó lọ.

Nígbà tí èrò túká, Hafeez wá jókòó síwájú mi.

"Màmá, ṣé ẹ ò rí ìborí ra mọ́ ni?"

"Èrò pọ̀. Wọ́n yára kó wa."

"Ẹ ò rí i ra, àbí ẹ ò rà á?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹrù mi. Ó retí èsì, ó sì dìde. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni kò jẹun nílé. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò sí níbẹ̀ mọ́. "Ní sùúrù fún mi," ni mo ń gbọ́. "Rónkẹ́, jọ̀ọ́, ní sùúrù fún mi." Ọmọ tí mo bí, tó ń bẹ èèyàn nítorí mi! Ọkàn mi wá ń gún mi. Mo rántí aṣọ yẹn lára ògiri, mo ń rí i nínú ìrun, mo ń rí i nínú oúnjẹ. Kí ni ì bá gbà mí? Kí n na ọwọ́, kí n sọ pé ó yá, ká a fún mi.

Asiyah tún dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Díákónì bi ọmọ rẹ̀ pé ìborí dà. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ fún bàbá rẹ̀? Ó ní ẹrù yín kan ò tíì dé láti Jẹ́dà. Ó bò yín láṣìírí. Ó wá ní kí n bi yín, ṣé ẹrù kankan ṣì ń bọ̀ lóòótọ́?"

Ọmọ tí mo fún ní dàbínù ló ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà wọlé. Ìtìjú mú mi, ayọ̀ sì mú mi pẹ̀lú.

"Ó ń bọ̀," mo wí. "Ó kù díẹ̀ kó dé."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò wúwo lẹ́nu mi rárá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ rí Díákónì. Mo ti sọ fún Asiyah kó dúró dè mí nílé rẹ̀. N kò sọ fún un pé Takie ni n óò ti kọ́kọ́ sọ̀. Ìborí pọ̀ ní Takie, èmi ọlọ́jà sì mọ̀ pé ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Aṣọ tí wọ́n ń tà ní Mọ̀dínà, kò sí èyí tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù bíi mẹ́rin. Àwọ̀ ọrùn ẹyẹlé kò sí. Níkẹyìn mo rí ọ̀kan, funfun bíi wàrà, tí wọ́n to sítóònù sí etí rẹ̀ yípo, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e sínú oòrùn. N kò rí àbùkù kankan.

"Iṣẹ́ ẹni tó ṣe èyí mọ́," mo sọ fún obìnrin tó ń tà á.

"Alhaja, iṣẹ́ Mọ̀dínà ni!" Irọ́ ọlọ́jà ni, mo sì mọ̀ ọ́n. Èmi náà ń pa á lójoojúmọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo rà á. Mo yọ ọ́ kúrò nínú láílọ́ọ̀nù wọn, mo fi sínú èyí tí mo kó dàbínù bọ̀ láti Mọ̀dínà, tó ní ìwé Lárúbáwá lára.

Inú ilé Díákónì tutù, ó mọ́. Ọkùnrin náà ti dàgbà, ó ga, ohùn rẹ̀ kò sókè. Òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí ìyá Rónkẹ́ ti kú. Hafeez jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Asiyah, ó wọ agbádá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ń fi ìka na àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Alhaja. Ẹ kú àbọ̀ Mẹ́kà," Díákónì wí. "Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ó ń kúrò nínú ohun tí mo fi tọ́ ọ, n kò sì lè sọ pé kò dùn mí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó ń lọ bá yóò mú un lọ́mọ ni."

"Lọ́mọ ni, sà," mo dáhùn. "Ẹrù ló pẹ́ lọ́nà. Rónkẹ́, wá gba ohun tí mo rà fún ọ."

Ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó tú u. Ojú rẹ̀ tàn. Ó fẹ̀ ẹ́ sórí itan, ó ń fi ìka tọ etí rẹ̀, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé igun kan. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó wo igun náà. Ó wá gbé ojú sókè wò mí.

"Màmá," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ṣé Mọ̀dínà lẹ ti rà á?"

Ó fún mi láyè. Lónìí mo mọ̀ pé ó fún mi láyè. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n sọ nǹkan mìíràn, ohunkóhun.

"Mọ̀dínà ni," mo wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi yàn án, lẹ́yìn ìrun Àlásárì."

"Ẹ ṣé, Màmá." Ó ká a padà, ó ká a dáadáa, igun mọ́ igun. Díákónì gbàdúrà. Hafeez ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń padà lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́. Ìgbà tó di ọwọ́ mi mú gbẹ̀yìn nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrin ló wọ ìsọ̀ mi lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ wú. Ó gbé láílọ́ọ̀nù Lárúbáwá náà lé mi lẹ́sẹ̀.

"Màmá, níbo lẹ ti ra ìborí yìí?"

"Ṣé kì í ṣe níṣojú rẹ ni mo sọ ọ́? Mọ̀dínà."

"Màmá."

"Mọ̀dínà ni, Hafeez! Ṣé kí n búra?"

Ó tú aṣọ náà. Ó fi igun rẹ̀ hàn mí. Gbogbo sítóònù tó wà lára rẹ̀ ló funfun, àfi mẹ́ta tó wà ní igun yẹn, àwọn yẹn jẹ́ àwọ̀ aró. N kò rí i ní Takie. Mo gbé aṣọ sínú oòrùn, mo wá àbùkù lára rẹ̀, n kò wá ẹni tó ṣe é.

"Mẹ́ta aláwọ̀ aró ni Rónkẹ́ máa ń fi sígun gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kó lè dá a mọ̀," ni Hafeez wí. "Òun ló ń to sítóònù sí ìborí fún gbogbo Takie. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi lẹ̀ ẹ́, Màmá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe èyí. Mo jókòó tì í nígbà tó ń ṣe é, ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n dá a mọ̀ lọ́jọ́ náà." Ó mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún yín nígbà kan. Ẹ ní ẹ ò bèèrè."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ká ní ẹ sọ pé ẹ ò ra nǹkan kan, òun á dúró, kódà kó pé ọdún mẹ́wàá. Ó ní òun bi yín kí òun lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wo ojú òun, níwájú bàbá òun, ẹ fi Mọ̀dínà purọ́. Ó ní tó bá di ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ẹ̀yin nínú ilé, òun ò ní í mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ lẹ́nu yín. Ẹ̀rù ń ba òun."

"Díákónì ńkọ́? Ṣé ó ti gbọ́?"

"Kò sọ fún un. Ó ní òun ò ní í fi orúkọ yín ṣeré. Ó kàn sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́."

Hafeez lọ bẹ̀ ẹ́. Asiyah sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ méje ni ó fi ń lọ. Ó ní wọ́n á jọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, Hafeez lórí àpótí, Rónkẹ́ lórí àga, tí Rónkẹ́ á máa to sítóònù, tí omi á máa bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Èmi náà fẹ́ lọ. Ọmọ mi ní kí n má lọ. Nígbà tí ọdún yípo, Rónkẹ́ fẹ́ Philip, olùkọ́ kan tí bàbá rẹ̀ ti ń wò fún un tẹ́lẹ̀. Hafeez kó lọ sí Iresa, ó ń ṣe sólà fún àwọn olóko níbẹ̀. Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá kí mi. Á dọ̀bálẹ̀ tán, á kó iṣu àti ata kalẹ̀, á ní, "Màmá, ṣé ara yín le?" Tí mo bá ti ní ara le, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò fẹ́ ìyàwó. Kò bá mi jà rí. Ọdún mẹ́fà rèé tí kò ro bí ọjọ́ ṣe lọ fún mi.

Lọ́dún tó kọjá mo tún lọ fún Úmúrà. Ẹsẹ̀ mi ti ń dùn mí, ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ lọ yé mi. Mo dé Mọ̀dínà, mo wá òpópónà yẹn lọ lẹ́yìn ìrun Àlásárì. Wọ́n ti wó gbogbo ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì gíga ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, gíláàsì ló yí i ká. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ kan fi ní kí n máa lọ. Mo wá àwọ̀ ọrùn ẹyẹlé káàkiri ìlú náà fún ọjọ́ mẹ́rin. N kò rí i. Wọ́n ń nawọ́ ìborí sí mi lọ́tùn-ún lósì, "Alhaja, ó dára!" N kò ra ẹyọ kan.

Nígbà tí mo délé, mo lọ sí Takie. Mo bá a nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti sanra díẹ̀, ọmọ rẹ̀ Ìmọ́lẹ̀olúwa sùn lé e lẹ́yìn. Bó ṣe rí mi, ó gbé iṣẹ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"Dìde, ọmọ mi. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀." Mo jókòó sórí àpótí, ó lè jẹ́ àpótí yẹn náà ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìborí márùn-ún tí mo rà, ìkẹfà tí mo gbé lé apá, bí mo ṣe ní lọ́la, bí inú mi ṣe dùn pé bọ́ọ̀sì dé. N kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ òótọ́ fún un nìyẹn.

Ó gbọ́ mi títí, ó ń fi ọwọ́ gba ọmọ lẹ́yìn.

"Màmá," ó wí nígbà tó yá, "ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé Takie lẹ ti rà á, ǹ bá fi borí. Ǹ bá fi borí lọ sọ́dọ̀ Àáfà, kí n sì máa sọ fún gbogbo ayé pé ìyá ọkọ mi ló ra iṣẹ́ ọwọ́ mi fún mi."

Omi ń dà lójú mi, n kò nù ún.

"Èyí tí ẹ kò rà yẹn," ó tún wí, "àwọ̀ wo ni?"

"Ọrùn ẹyẹlé."

Ó ronú sí i díẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó lára. "Ì bá bá mi mu," ó wí. Ó wá mú iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó ń to sítóònù lọ.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo sọ fún Hafeez. Mo sọ ohun tí mo sọ fún Rónkẹ́, mo sì sọ èsì tó fún mi, títí kan ǹ bá fi borí. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ń retí pé kó bú mi, kó pariwo, kó sunkún, ohunkóhun.

"Asiyah ní iná yín ń ṣẹ́jú," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó gbé àkàbà wá láti ẹ̀yìn ilé, ó fi ti ògiri, ó ń gun òkè lọ. Mo dìde. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo rìn débẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà náà mú nínú oòrùn.

Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí mi.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó ti dúró."